Ọ̀já Tó Gbé Eruku-Ò-Bá-A Ṣubú

"Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí, àwọn tó sì fẹ́ràn láti máa fi bá ẹlòmíràn wí jù ni àwọn tí wọn kò tíì ṣubú. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ ṣubú? Ibo ló ṣubú sí, kí ló sì rí nígbà tó wẹ̀yìn? Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fara balẹ̀. Àwọn ará Òkè-Arère ní ọmọ ìlú àwọn ni, wọn kò sì tijú láti sọ ọ́.

Láyé àtijọ́, tí wọ́n bá ti kórè tán lọ́dọọdún, àwọn ará Òkè-Arère a máa sá eré ìje láti etí odò wá sí iwájú ààfin. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni ọba yóò fi ṣe ońṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún náà, yóò sì so ọ̀já òfì funfun kan mọ́ ọn níbàdí níṣojú gbogbo ìlú. Ọ̀já náà kò ju èyí tí ìyá fi ń pọn ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọba ló ti wá. Bí ẹni tó gbà á bá ti délé, inú àpótí ló máa ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Òjẹ́yẹmí kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó kọ́kọ́ bá wọn sá eré yìí. Bí wọ́n ti dé ìdí àràbà, níbi tí ọ̀nà ti yà wọ ìlú, ó fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú lulẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wo iwájú, nítorí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dúró sí, ó sì rò pé yóò sáré wá gbé òun. Ìyá rí i dáadáa. Ó ká ọwọ́ gbera, ó kọjú sí ibòmíràn, àfi bí ẹni tí kò bí i. Ni ọmọ bá fi ìbínú dìde, ó sáré tẹ̀lé àwọn tó ti kọjá, ó sì ya gbogbo wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ààfin. Ìyá yìí kan náà ló kọ́kọ́ pariwo pé ọmọ òun nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà kò tún sẹ́ni tó lè bá a mọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Eruku-ò-bá-a. Wọ́n ní bí ọba bá rán an sí ìlú kejì, ó máa ń ti ibẹ̀ dé kí ọba tó rántí pé òun rán ènìyàn níṣẹ́. Ó fẹ́ Ìbíyẹmí, ó bí Àṣàbí, Àṣàbí náà bímọ, síbẹ̀ ó ṣì ń gba ọ̀já.

Ká má parọ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà dára. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó kó àwọn ọ̀já rẹ̀ jáde nínú àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé gbogbo wọn mọ́ ìbàdí lọ́jọ́ ìje, wọn a sì máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù àkùkọ. Ó ní ó yẹ kí àwọn tó wà lẹ́yìn máa rí ohun tí ọwọ́ wọn kò lè tó. Ìbíyẹmí a wò ó títí, a ní, "Bàbá Àṣàbí, gbogbo ọ̀já yìí, ta lẹ fẹ́ pọ̀n?" Bàbá Àṣàbí a ní ọ̀rọ̀ eré kò yé obìnrin.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́túndé jáde. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ti rí i níbi tó ti ń lé ewúrẹ́ sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ léwu. Bàbá rẹ̀ ló kàn láti ro ọ̀nà ìje lọ́dún náà, nítorí náà gbogbo ènìyàn ló rí bàbá náà tòun tọkọ́ ní ìdí àràbà láàárọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Eré bẹ̀rẹ̀. Òjẹ́yẹmí ló ṣíwájú, Ọdẹ́túndé sì ń mí sí i lọ́rùn. Bí wọ́n ti yọ sí ìdí àràbà ni àgbàlagbà ṣubú gbìì. Ọdẹ́túndé fò ó kọjá, àwọn tó kù náà kọjá, eruku sì bá Eruku-ò-bá-a.

Kò wo iwájú. Kí ni yóò wò níbẹ̀? Ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀yìn àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló kù lójú ọ̀nà. Ó wẹ̀yìn kó lè mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Kò rí gbòǹgbò, kò rí òkúta. Bàbá Ọdẹ́túndé ti ro ọ̀nà náà mọ́ tónítóní. Ohun tó rí ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀já rẹ̀ tó ti tú, tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì wé mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó wà nítòsí. Ó yára tú u, ó so ó padà mọ́ ìbàdí, ó ń tiro lọ sí ààfin.

Kó tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Àwọn ará ilé Òjẹ́yẹmí ní oògùn ni bàbá Ọdẹ́túndé ri mọ́lẹ̀ ní ìdí àràbà. Wọ́n ní àbí kí ló ń fi ọkọ́ wá níbẹ̀ láàárọ̀? Òfin ìlú sì ni pé ẹni tó bá ri oògùn sójú ọ̀nà ìje, tòun tìdílé rẹ̀ ni yóò kó jáde kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tí oògùn náà gbé ṣubú ni ọba yóò sì fún ní ọ̀já. Ìyá Ọdẹ́túndé ti ká ọwọ́ lérí, ó ń sunkún. Ọmọ fúnra rẹ̀ dúró níwájú ọba, kò mọ̀ bóyá òun gba ipò kìíní ni tàbí òun tú ilé bàbá òun ká.

Òjẹ́yẹmí gbọ́, ó dákẹ́. Bó bá lè dákẹ́ sí i díẹ̀, ọ̀já ọdún náà tirẹ̀ ni. Ìgbà náà ló rí Ìbíyẹmí láàárín èrò. Ìbàdí ọkọ rẹ̀ ló ń wò, níbi tí àmì àtẹ́lẹsẹ̀ gàdàgbà kan ti fi erùpẹ̀ pupa hàn lára ọ̀já funfun, tòun tọmọ ìka. Ìyàwó tó ti ń fi omi gbígbóná wọ́ ẹsẹ̀ yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kò lè ṣì í mọ̀. Ojú ti bàbá.

Ọba bi í pé, "Òjẹ́yẹmí, kí ló gbé ọ ṣubú?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Kábíyèsí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ṣubú ní ìdí àràbà yẹn náà. Iwájú ni mo wò, mò ń wá ẹni tí yóò gbé mi. Lónìí, ẹ̀yìn ni mo wò, mo sì rí ohun tó gbé mi ṣubú. Ọ̀já tí ẹ fún mi ni. Kò sí oògùn níbẹ̀. Èmi ni mo wé e jù."

Ọba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìyá Ọdẹ́túndé sì jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Nígbà tí ọba so ọ̀já mọ́ ọmọ náà níbàdí tán, Òjẹ́yẹmí fà á mọ́ra, ó ní bó bá ti délé, inú àpótí ni kó tọ́jú rẹ̀ sí. Ní ti àwọn ọ̀já tirẹ̀, Ìbíyẹmí fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, ó sì ń fi wọ́n pọn àwọn ọmọ-ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí ọ̀ràn bá ti bàjẹ́ mọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́, tó wá ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù, àwọn àgbà a pe é jókòó, wọn a ní: "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Ọmọdé lè máa retí ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ní láti mọ ohun tó gbé òun ṣubú, bó bá sì wẹ̀yìn, kó má gbàgbé láti wo ìbàdí ara rẹ̀.