Káfíńtà Tí Kò Kan Ìṣó

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àpótí kíkàn. Káfíńtà ni. Ìlú tó ń gbé wà létí igbó ńlá, àwọn ọdẹ ibẹ̀ sì pọ̀ bí èèrà. Bí ọdẹ kan bá fẹ́ fi ìbọn ránṣẹ́ sí ìlú míì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, nítorí ìbọn tí ọwọ́ rẹ̀ bá dì kì í débi tó ń lọ kí igi rẹ̀ ti là tàbí kí irin rẹ̀ ti wọ́.

Ọdẹ pàtàkì kan kú ní ìlú náà. Àlejò ni, ilé bàbá rẹ̀ jìnnà. Wọ́n ti sin ín, ṣùgbọ́n ó ku ìṣípà, ètùtù tí àwọn ọdẹ máa ń ṣe fún ẹni wọn tó bá lọ. Ìlú bàbá rẹ̀ ni wọn yóò ti ṣe é. Ní ìdílé rẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ yin ìbọn bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ yìn ín ṣáájú rẹ̀. Ìbọn ọ̀hún gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn. Bàbá tó bí bàbá òkú ló kọ́kọ́ lò ó, kò sì sí ẹni tó tún lè rọ irú rẹ̀ mọ́. Opó ọdẹ náà ni yóò bá a lọ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Orí àpótí ìbọn náà gan-an ni yóò jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé àpò gaàrí lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, olórí ọdẹ fúnra rẹ̀ ló gbé ìbọn náà wá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Ó ti fi aṣọ àrán pupa wé e bí ọmọ ọba.

Ó ní, “Káfíńtà, tẹ́ ẹ sínú àpótí, kó o kàn án pa. Ọkọ̀ ń dúró.”

Káfíńtà kí i, ó gba ìbọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àrán. Àwọn ọdẹ ń kùn. Ó mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì ìbọn, ó tì í bọ ẹnu rẹ̀ títí tí kò fi lọ mọ́, ó fi ìka mọ ibi tó dé, ó yọ ọ́, ó wá fi wọn irin náà níta. Ọ̀pá kò dé ìsàlẹ̀. Ó kù díẹ̀. Káfíńtà wo ibi díẹ̀ yẹn.

Ó ní, “Bàbá, nǹkan wà nínú rẹ̀.”

“Ẹ̀tù ni, àti ọta. Èmi ni mo kì í. Ìbọn ọdẹ kì í rìn lófìfo. Ṣé o fẹ́ kí òkú wọ ilé bàbá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà?”

Awakọ̀, tó ti ń fun fèrè láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, dákẹ́. Ó ní òun ń lọ yẹ táyà ẹ̀yìn wò. Nǹkan kan kò ṣe táyà ọ̀hún.

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dìde, ó gbọn ekuru àyà rẹ̀. Ó ní, “Mo ti dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n n kò ní kan ìṣó.”

Àwọn ọdẹ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí wọ́n bá a gbẹ́ ìbọn pákó, kó máa fi ṣeré. Òmíràn ní, “Ìbọn tó sùn lo ń sá fún báyìí? Bó bá wá jí ńkọ́?”

Káfíńtà ní, “Èyí tó sùn náà ni mo ń sá fún. Ajá tó sùn ni ènìyàn ń tẹ̀ nírù.”

Inú bí olórí ọdẹ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti òbúkọ tó gbóòórùn ìyàwó. Ó gbá òòlù mú, ó ní òun yóò kan ìṣó náà fúnra òun, ṣebí òun ti fi ọwọ́ òun pa ẹfọ̀n rí. Káfíńtà kò bá a jà. Ó kàn lọ jókòó sórí ìdérí àpótí, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wojú ọ̀run. Ó mọ̀ pé láti òní lọ, ẹgbẹ́ ọdẹ kò ní gbé iṣẹ́ fún òun mọ́. Ó tún ìjókòó ṣe.

Ìgbà náà ni opó dìde. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọkọ mi, ta ni yóò jókòó lé àpótí yìí nínú ọkọ̀?”

Gbogbo wọn wo àpótí.

“Ọkọ mi kò gbé ìbọn tí a kì wọ yàrá mi rí. Ẹ̀yìn ilé ló ti máa ń yìn ín dànù. Bó bá ti dé, màá gbọ́ ọ, màá sì gbé omi kaná. Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n ju èmi lọ ni?”

Ó gbé kẹ́tùlù omi tó fẹ́ gbé dání ní ìrìn àjò, ó gbé ìbọn náà nàró, ó sì da omi náà sí i lẹ́nu. Àwọn ọdẹ pariwo bí ẹni pé ojú ọmọ ni wọ́n da ata sí. Ẹni tó bá fi omi pa ẹ̀tù nínú ìbọn ọdẹ, ìwọ̀sí tó fi kàn án kò kéré. Omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kán jáde láti ihò kékeré ìsàlẹ̀.

Olórí ọdẹ ní, “Ìyàwó wa, ojú wa lo da omi sí.”

Opó ní, “Ẹ nù ún, Bàbá.”

Káfíńtà fi wáyà fa ẹ̀tù tó ti di ẹrẹ̀ jáde, ó fa ọta jáde, ó nu inú irin gbẹ, ó sì fi àdín pa á. Ó tú irin kúrò lára igi, ó di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ lọ́tọ̀. Ó ki òwú àràbà yí wọn ká, kí ìkan má lè kan èkejì. Ó mi àpótí sọ́tùn-ún, ó mì í sósì, ó gbé etí lé e. Kò gbọ́ ohùn kankan. Ó wá kàn án.

Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ já sí kòtò. Àpótí fò, ó balẹ̀ gbì, obìnrin náà sì fi àyà ṣubú lé e. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó tún jókòó. Lọ́jọ́ ìṣípà, àkọ́bí rẹ̀ to ìbọn náà pọ̀, ó kì í, ó yìn ín, gbogbo ìlú sì gbọ́.

Títí dòní, olórí ọdẹ ń sọ pé bí ẹ̀tù bá tiẹ̀ wà nínú rẹ̀, nǹkan kan kì bá ti ṣẹlẹ̀. Bóyá òótọ́ ló ń sọ. Káfíńtà pàápàá kò mọ̀. Ilẹ̀kùn àti àga ló ń kàn báyìí, nítorí ọdẹ kankan kò tún dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó sì ń sùn dáadáa.

Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Wọ́n fi yín ṣe alárinà. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan síwájú yín, wọ́n fi àrán wé e, wọ́n ní kí ẹ sọ fún àwọn òbí ọmọbìnrin pé kò ní ìyàwó níbì kankan. Ẹ ti ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, ẹ sì rí i pé kò dé ìsàlẹ̀: ó ní ìyàwó níbì kan. Àwọn àgbà wá ní, “Kàn án pa, ìdílé wa kì í sọ̀rọ̀ síta.” Ẹ kí wọn. Ẹ dọ̀bálẹ̀ kí àyà yín kan ilẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀ kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn án. Bí wọ́n bá fi yín ṣẹ̀sín, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá bínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ọmọ ọlọ́mọ tí yóò jókòó lé e kò ní ẹ̀mí méjì.