Gílóòbù Ọ̀kẹ́rẹ́ Nílé Àgbébọ̀

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, etí yín ni mo fẹ́ yá.

Àlọ́ o!

— Àlọ̀!

Àlọ́ mi tàn yòò, ó balẹ̀ sórí Àgbébọ̀ tó pa ọmọ lọ́jọ́ òjò, àti Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń kó gílóòbù jọ.

Ní ìgbà kan rí, Àgbébọ̀ pa ọmọ méjìlá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Òtútù mú gan-an. Apá Àgbébọ̀ ò sì bo ju ọmọ mẹ́jọ lọ. Gílóòbù kékeré tó fi ń mú ilé móoru ti jó. Tí ilẹ̀ bá ṣú láìsí ooru, àwọn tó kù á kú.

Ó sáré lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kó ekùrọ́ pamọ́, gílóòbù lòun ń kó, ńlá ńlá ló sì fẹ́ràn. Ó ní ọ̀kan tó tó elégédé, ẹgbẹ̀rún wáàtì. Ó ní tí òun bá tan ìyẹn nílé, agboòrùn lòun fi ń sùn.

"Bọ̀dá Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, iná kékeré kan."

"Kékeré kẹ̀? Ìyá Ìbejì ọ̀nà mẹ́fà, ẹ má dójú ti ara yín!" Ó gbé elégédé rẹ̀ jáde. "Mi ò gba nǹkan púpọ̀. Igbá àgbàdo kan, ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Àkùkọ ọkọ yín ni ẹlẹ́rìí wa."

Àgbébọ̀ gbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìrù bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n tàn án. Yééè! Gbogbo ilé funfun báláú. Àwọn ọmọ sá lọ sí igun, wọ́n yanu, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dijú lajú.

"Ilẹ̀ ti mọ́! Kùkúrúkùùù!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ, ó bu igbá kan, ó lọ. Àkùkọ tún dijú, ó tún là á. "Háà, òmíràn ti tún mọ́!" Ó kọ. Igbá kejì. Ó kọ. Igbá kẹta.

Àgùntàn jáde láti ilé kejì, ó rí Ewúrẹ́ aládùúgbò wọn níta. "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ewúrẹ́."

"Ẹ káàárọ̀ bí ti báwo? Èmi tí mi ò tíì jẹun alẹ́! Ẹ káalẹ́."

"Ṣé ẹ ń bú mi ni?"

"Èmi kọ́. Ẹ lọ bi oòrùn tó wà nílé adìẹ."

Wọ́n lọ bèèrè. Àgbébọ̀ fúnra rẹ̀ ò mọ̀. "Àgbàdo mi ń tán, ọmọ mi ń kú lọ, mi ò mọ̀ bóyá kí n sùn ni àbí kí n gbálẹ̀."

Àkùkọ tún kọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ wọlé wẹ́rẹ́, igbá lọ́wọ́, kò kí ẹnikẹ́ni. Àgùntàn, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, dí i lọ́nà.

"Ìwọ ọmọ yìí, o bá àgbà nílé, o ò kí wọn? Kí wa kí o tó bu nǹkan."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káà..." Ó rò ó wò. Tó bá ní ẹ káàárọ̀, ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn, wọn á pa iná. Tó bá ní ẹ káalẹ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́ rárá, yóò dá àgbàdo padà.

"Ẹ káà... ẹ kú... ẹ kú..." Òógùn bò ó. Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ kú ewu iná!"

Háà! Àwọn tí ilé wọn jó là ń kí bẹ́ẹ̀!

"Ilé ta ló jó?" Ewúrẹ́ bèèrè. "Àbí o ti mọ̀ pé iná rẹ léwu?"

Àgbébọ̀ wo àwọn ọmọ rẹ̀ ní igun. "Ooru ló ń pa wọ́n! Òtútù kọ́!" Ó fò, ó fa wáyà. Elégédé já bọ́, ó fọ́ yángá. Òkùnkùn ṣú biribiri.

"Àṣé alẹ́ ni," ni Àkùkọ wí. Ojú tì í.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dá gbogbo àgbàdo padà, ó ń táràrà lọ sílé, nítorí ojú rẹ̀ ṣì ń ṣe bàìbàì.

"Ó dàárọ̀ o, Bọ̀dá Iná!" ni Ewúrẹ́ ń pariwo tẹ̀lé e.

Òtútù tún dé. Àgùntàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí apá ìyá wọn ò bò.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ó jókòó jẹ́ẹ́: iná tó bá ju ilé lọ, kò tún ilé ṣe. Ẹni tó bá sì fi ìmọ́lẹ̀ rẹ́ni jẹ, ojú òun náà ni yóò kọ́kọ́ ṣú.

Bó ṣe wà báyìí nìyí: ọmọ mẹ́jọ ń sùn lábẹ́ ìyá wọn, mẹ́rin ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn Àgùntàn, kò sì sí gílóòbù kankan nílé náà.