Ẹrù tí Mọrẹ́nikẹ́ Dì

"Bi ẹni tó di ẹrù kí o tó tú ẹrù." Ní ìlú wa, Òkè-Ọsàn, kò sí ọmọdé tí kò tíì gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Àwọn kan rò pé ọ̀dọ̀ àwọn alájàpá ayé àtijọ́, tí ń ru ẹrù la igbó kọjá, ló ti ṣẹ̀ wá. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé kò tilẹ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀? Kọ̀ǹpútà kan ló bí i, ní ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ọsàn, ẹni tó sì kọ́kọ́ pa á ṣì lè fi ojú ara rẹ̀ ka ìtàn yìí.

Lẹ́tà kan tó pẹ́ lójú ọ̀nà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Awakọ̀ kan ló mú un wá láti Ìlọrin, pẹ̀lú wàrà tí wọ́n fi ewé wé. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ó sùn sójú ọ̀nà, nígbà tó sì máa dé, ohun tí lẹ́tà náà fẹ́ dá dúró ti ṣẹlẹ̀ láná. Ìbídùn, ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Ládèjọ tó ni ilé ìtẹ̀wé náà, ló gbà á. Ó kà á lórí ìdúró:

"Ìbídùn, awakọ̀ sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà yín ń ṣàìsàn. Má jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ o. Bí wọ́n bá sì ti fọ̀ ọ́, pè mí kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Èmi, Mọrẹ́nikẹ́."

Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkòríta ti nu inú rẹ̀ tónítóní bí àwo ọjọ́ ọdún. Kọ̀ǹpútà náà ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n ètò kékeré kan ti bá ìdọ̀tí lọ. Ètò yìí ni ògbufọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ tó ti dàgbà débi pé Arúgbó ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ fún Arúgbó bí ìwé ṣe fẹ̀ tó àti ibi tí tàdáwà yóò kán sí. Láìsí i, bí ẹ bá ní kí Arúgbó tẹ odindi ojú ìwé, ìlàjì ni yóò tẹ̀, yóò sì tu ìyókù síta ní funfun.

Ìbídùn ká lẹ́tà náà, ó tì í bọ àpò. Kò pe ẹnikẹ́ni.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Òun àti Mọrẹ́nikẹ́ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ládèjọ ni, abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ọdún tó kọjá, nígbà tó ku oṣù kan kí àwọn méjèèjì ṣe ìyọ̀ǹda, kí wọ́n sì di ọ̀gá ara wọn, Ọ̀gá bi Mọrẹ́nikẹ́ nípa ẹnìkejì rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ní, "Ọwọ́ Ìbídùn kò tíì mọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, sà. Ẹ jẹ́ kó fi ọdún kan kún un." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà korò. Mọrẹ́nikẹ́ nìkan ló ṣe ìyọ̀ǹda. Ó kọjá sí Ìlọrin, láti ọjọ́ náà ni Ìbídùn kò sì ti gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Àṣà kan wà ní ilé ìtẹ̀wé yìí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń lọ yóò kó gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀rọ tó ń tọ́jú jọ, yóò fi aṣọ dì í, yóò sì gbé e fún ìyàwó Ọ̀gá, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, kó máa bá ilé tọ́jú rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ló ń tọ́jú Arúgbó. Gèlè pupa kan ló fi di ẹrù tirẹ̀.

Iṣẹ́ tó sì wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà kì í ṣe iṣẹ́ tó ṣeé sún síwájú. Bàbá Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣa oríkì gbogbo agbo ilé Òkè-Ọsàn jọ, ó sì ti gbé e wá kí Arúgbó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, dókítà sì ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un, ọjọ́ méjìlá péré ló kù. Bàbá ní, "Mo gbà pé ojú náà yóò là. Ṣùgbọ́n bí kò bá là ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ṣẹ́ kù yìí ka oríkì ìyá mi nínú ìwé ná."

Ìbídùn lọ tú gèlè pupa náà. Ó bá àwo sídíì mẹ́tàlélógún níbẹ̀, wáyà, ìwé àlàyé tí èkúté ti jẹ létí, àti àpótí ìṣáná kan. Ó sọ àpótí ìṣáná sọ́wọ́ Màmá pé kó fi dáná, ó sì jókòó ti àwọn sídíì. Orin ló wà nínú méje. Ìgbéyàwó àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí ló wà nínú òmíràn. Ó wò ó dé ìdajì kó tó rántí ohun tó ń wá. Ètò náà kò sí nínú ọ̀kankan.

Ó wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣe Arúgbó ti kó ojú ewé náà kúrò: "Ohun tí ẹ ń wá kò sí níbí mọ́." Ó rí ọ̀kan tó jọ ọ́, ó fi odindi ọjọ́ kan gbà á wọlé, ti àbúrò Arúgbó ni. Ẹ̀kẹta kó kòkòrò wá, kọ̀ǹpútà tún padà sí ìkòríta. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Irú ẹ̀rọ yìí ṣì ń ṣiṣẹ́? Ẹ má tà á o, ẹ máa kí i láràárọ̀ ni."

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ọ̀gá ní, "Ìbídùn, ṣé kí n pe Mọrẹ́nikẹ́?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, sà. Mo ti fẹ́ rí i."

Ní ọjọ́ kẹwàá, Bàbá Tíṣà fúnra rẹ̀ fi ọ̀pá wá ọ̀nà wọlé. Kò bínú. Ó kàn fọwọ́ pa Arúgbó lórí, ó ní, "Ṣé ibí ni ìyá mi yóò ti jáde?"

Ìbídùn bọ́ sí ẹ̀yìn ilé lábẹ́ igi ọsàn, ó tẹ nọ́ńbà Mọrẹ́nikẹ́, tí kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún kan.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Àwọn tó ń jẹ́ Èmi pọ̀ ní Ìlọrin."

"Ìbídùn ni."

"Háà! Wàrà yẹn mà dùn o! Ṣé òun ni kò jẹ́ kí o ráyè pè mí?"

"Wọ́n ti fọ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kẹwàá rèé."

"Alágídí ọmọ. O tú ẹrù mi?"

"Mo tú u."

"O tú u, o kò bi èmi tí mo dì í! Àpótí ìṣáná inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo fún Màmá kó fi dáná."

"Yéè! Inú rẹ̀ ni fìláàṣì tí mo kó ètò náà sí wà! Mo fi òwú wé e kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Kí lo ṣì dúró ṣe? Sáré!"

Màmá ń ṣa ẹ̀wà ní ilé ìdáná nígbà tí Ìbídùn já wọlé. "Màmá, àpótí ìṣáná tí mo fún yín!"

"Èyí tí kò ní ìṣáná kankan? Mo gbọ̀n ọ́n, kò dún, òwú ló kún inú rẹ̀. Mo ní ọmọ yìí fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni." Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé. "Abẹ́rẹ́ mi ni mo ń gún mọ́ ọn. Rọra o, kó má gún ọ lọ́wọ́."

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà lójú òwú. Ní abẹ́ òwú, fìláàṣì tí kò ju ìka lọ sùn jẹ́ẹ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n tán, Arúgbó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹ odindi ojú ìwé. Bàbá Tíṣà gbé e súnmọ́ imú, ó kà á sókè: "Àjíkẹ́, ọmọ ọlọ́sàn ẹ̀bá ọ̀nà, èrò jẹ, èrò kò mọ ẹni tó gbìn ín." Ó tún un kà. Màmá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbàgbé ẹ̀wà rẹ̀ lórí iná.

"Ọjọ́ mẹ́wàá!" ni Ọ̀gá wí. "Ẹlòmíràn á ti sá lọ. Ìbídùn, ìyọ̀ǹda rẹ kò ní kọjá oṣù yìí."

Ìbá ṣe pé Ìbídùn dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó yọ lẹ́tà náà lápò. "Bàbá, ọjọ́ kejì ni lẹ́tà yìí ti dé ọwọ́ mi. Mo ń bínú sí ẹni tó kọ ọ́, ni mo ṣe fi pamọ́. Èmi ni mo fi ọjọ́ yín ṣòfò."

Bàbá Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Dìde, ọmọ mi. O ṣáà pè é kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, bi ẹni tó di ẹrù kí o tó tú ẹrù."

Ọ̀gá kò yí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda padà; ó tẹ ọ̀rọ̀ Bàbá ní lẹ́tà gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè Arúgbó. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti kà á, wọ́n gbé e lọ sí ọjà, ó sì dé oko. Ojú Bàbá là, ìwé rẹ̀ sì wà nílé gbogbo wa. Títí dòní, bí ẹnì kan bá ń da ilé rú nítorí ohun tí ẹlòmíràn mọ ibi tó wà, tàbí tí ìbínú kò jẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, òwe yìí ni àwọn àgbà ń pa fún un. Ní ti Ìbídùn, kó tó kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rí fìláàṣì náà, ó tún pe Ìlọrin. "Mọrẹ́nikẹ́," ó ní, "Ọ̀gá ti fẹ́ dá ọjọ́ ìyọ̀ǹda mi. Mo ti ní gèlè tí n ó fi di ẹrù. Ìwọ ni mo yàn pé kí o wá bá mi dì í."