Efúnyẹmí àti Àká Ọba Ìpàró

Ọdún tí Odò Àwàyè kún bo oko, ìbẹ̀rù ló gba gbogbo ìlú Ìpàró. Yìnyín kọ́kọ́ já ewé iṣu, kí omi tó wá gbé ebè lọ. Èyí tó kù nílẹ̀ jẹrà. Èèbù tí wọn yóò tún gbìn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi nínú àká ọba, níbi tí iṣu ìṣákọ́lẹ̀ kún dé òrùlé. Bẹ́ẹ̀ èèwọ̀ ni: bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí àká náà títí ọba yóò fi tọ́ iṣu tuntun wò. Iṣu tuntun wo? Omi ti gbé e lọ. Ọdẹ kan dán an wò láyé bàbá ọba, ẹnu ọ̀nà àká ni wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí. Àwọn ará àdúgbò wá ń di ẹrù. Bí èèbù kò bá tètè wọlẹ̀, ìlú ti tú nìyẹn.

Efúnyẹmí, opó Adégorò, obìnrin tó ń kọ igba ebè kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, ló gba ààfin lọ. Ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ọmọ iṣu kan jáde, kò ju àtàǹpàkò lọ.

Ọ̀dọ̀fin, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó Adégorò, ṣé iṣu nìyí, àbí ìka ọmọ ọwọ́?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ibi tó dàgbà dé nìyẹn kí omi tó dé." Ó kọjú sí ọba. "Kábíyèsí, nígbà tí oko ń so, ẹ̀ ń gba tiyín níbẹ̀, a ò sì kùn. Oko ti run báyìí. Iṣu tuntun ọdún yìí rèé. Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ fún wa ní èèbù. Bó bá jẹ́ pé mo fi yín ṣẹ̀sín, orí mi rèé."

Ó rí i tí ọwọ́ onídà ọba rọra ń sún mọ́ èèkù idà. Ó dijú, ó na ọrùn sílẹ̀, ó ń retí. Ohun tó gbọ́ ni eyín tó ń rún nǹkan tútù. Nígbà tó lajú, ọba ló rí tó ń jẹ iṣu náà ní tútù, tó fa ojú ro.

"Ẹnu ń yún mi," ọba wí, "ṣùgbọ́n mo ti jẹ iṣu ọdún. Ọ̀dọ̀fin, ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín, lọ wo oko wọn. Gbogbo ibi tí omi bá ti gbé ebè lọ, ìwọ ni kí o ru èèbù débẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìpàró dòní. Bí òjò tàbí ọ̀dá bá ba oko jẹ́, Ọ̀dọ̀fin ló ń rin oko náà wò, òun ló sì ń fi orí ara rẹ̀ ru èèbù ààfin wá. Olóko á bi í pé, "Bàbá, ta ló rán yín?" Kò gbọdọ̀ dárúkọ ọba.

"Efúnyẹmí ni," ni yóò wí, kí wọ́n tó bá a sọ ẹrù èèbù náà kalẹ̀.