Igbà Òbúkọ Akọ̀pẹ

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi gun ọ̀pẹ, ó bá Òbúkọ akọ̀pẹ.

Kí akọ̀pẹ tó gbéra nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fẹ̀yìn ti igbà, okùn tí ó fi ń gùn, láti dán an wò. Òbúkọ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín:
"Ojo! Àbí o fẹ́ fi okùn ṣaya ni?"
Ojú ti Òbúkọ, ó gùn.

Lókè, fọ́nrán igbà kan já, èkejì já. Ewúrẹ́ aya rẹ̀ figbe kọrin. Ẹ bá mi gbè é:
"Baálé mi, ọ̀pẹ rèé o!"
— Dì í mú!

Ó dì í mú. Ẹ̀kẹta já, igbà bọ́. Òbúkọ fàyà wọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀bọ ti sá.

Ìdí nìyí tí òbúkọ fi máa ń fa okùn ọrùn rẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín kì í dúró gbani mú.