Òkété Onílẹ̀ àti Àwọn Ekòló Tó Wá Forí Pamọ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbẹ́ ihò wọlẹ̀, ó rá pálá lábẹ́ ebè, ó yọrí sẹ́nu ọ̀nà Òkété.

Ní ìgbà kan rí, Òkété ló ni gbogbo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ má bi mí bí ó ṣe ní in. Òun náà kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun. Láràárọ̀ ló máa ń ki ara rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ráyè: "Èmi ọmọ onílẹ̀, ọmọ a-fẹsẹ̀-wọn-oko!" Ilẹ̀ náà fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó le ju orí olórí kunkun lọ. Iṣu tó ń ta níbẹ̀ kò ju ìka ẹsẹ̀ adìẹ lọ.

Ní ọdún kan, odò kún, ó gbé ilé àwọn Ekòló lọ. Wọ́n bá wọ́ tìrítìrí wá sílé Òkété. Òkété rí wọn nílẹ̀ gbalaja, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ wo ọmọlúàbí! Gbogbo wọn ló dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, fọwọ́ bo ẹnu. "Baálé mi, bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn."

Ekòló àgbà ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú wa. Ẹ fún wa níbi tí a ó forí pamọ́ sí."

Òkété fún wọn ní ilẹ̀ pupa kan tí ewúrẹ́ pàápàá kì í fẹ́ tọ̀ sí. "Àlejò ni yín o. Bí iṣu bá ta, ẹ ó mú ìṣákọ́lẹ̀ wá fún onílẹ̀. Bí mo bá sì ní kí ẹ dìde, ẹ ó dìde."

"A gbọ́, Bàbá."

Iṣu ta. Wọ́n mú ìṣákọ́lẹ̀ wá. Iṣu kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Òkété ló para pọ̀ gbé e wọlé. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọba Ẹkùn kéde pé ẹni tí iṣu rẹ̀ bá tóbi jù lọ́dún tó ń bọ̀ ni òun yóò fi jẹ Ààrẹ Àgbẹ̀. Láti kékeré ni Òkété ti ń wá oyè yìí. Ó tilẹ̀ ti ra fìlà rẹ̀ sílẹ̀.

Ó bá figbe ta. "Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ! Ilẹ̀ tó dára jù ni mo gbé fún wọn!"

"Èwo? Ilẹ̀ pupa yẹn?" Àwẹ̀ró bi í. "Ẹ ò ṣe bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é?"

"Onílẹ̀ kì í bi àlejò ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀!"

Ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n bọ́ sí apá kejì oko. Wọ́n dìde. Òkété wọ ilẹ̀ pupa, ó kọ ebè, ó jókòó tì í. Ilẹ̀ tó rọ̀ bí ẹ̀kọ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Lápá kejì, ilẹ̀ ti ń rọ̀.

"Háà! Ilẹ̀ yìí ti sá tẹ̀lé wọn!"

Ó tún ní kí wọ́n pààrọ̀. Ilẹ̀ tún le mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń lé ilẹ̀ kiri rí?

Ni Òkété bá pe ìpàdé. "Ẹ̀yin ará ìlú, àwọn àlejò yìí ń jẹ ilẹ̀ wa! Ojú mi ló ṣe, wọ́n ń gbé e mì!"

"Ẹ lé wọn lọ!" Ọ̀kẹ́rẹ́ kígbe. "Wọn kì í kí èèyàn láàárọ̀."

"Ẹ má lé wọn," Adìẹ sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ kó wọn fún mi. Àánú wọn ń ṣe mí."

Ekòló àgbà gbórí sókè díẹ̀. "Òótọ́ ni, à ń jẹ ilẹ̀. Ohun tó ń jáde lára wa ni iṣu fi ń sanra."

"Ẹ gbọ́ ná! Ìgbẹ́ àlejò ni yóò wá tún ilẹ̀ baba mi ṣe?"

Ó ní kí wọ́n dìde kúrò lórí ilẹ̀ òun pátápátá. Wọ́n wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀yà ní òdìkejì odò.

Òkété gbin iṣu sí gbogbo ilẹ̀. Òjò rọ̀, omi ń ṣàn lọ lórí oko bí ẹni pé orí páànù ni. Nígbà tí ọjọ́ iṣu tuntun pé, Òkété tí wọ́n bí ihò gbígbẹ́ mọ́ fi èékánná wa ilẹ̀. Èékánná kán. Ó fi eyín wà á. Eyín mì. Ó ṣáà rí iṣu kan fà yọ.

Ní ààfin, Ọ̀yà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ru iṣu dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọba yíjú sí Òkété.

"Òkété, onílẹ̀ ńlá, iṣu tìrẹ dà?"

"Kábíyèsí, èyí tí ẹ rò pé orín ni mo ń run yìí, òun náà ni."

Ààfin dàrú fún ẹ̀rín. Òkété fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó tọ́ sí mi. Òkété, báyìí nìwà mi! Mo ní ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ òkè, n kò ní iṣu tó kún ẹnu. Àwọn tó ń bọ́ mi, mo ní wọ́n ń jẹ mí."

Ọ̀yà jẹ Ààrẹ Àgbẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ náà ni kì í jẹ́ kí òkété jáde lọ́sàn-án títí di òní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: kí ẹ tó ka ohun tí àlejò ń jẹ, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń fi sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé Òkété nìkan ni mo ń bá wí. Nínú agbo ilé yìí, ta ló ń fi oríkì onílẹ̀ yangàn tó mi? Bẹ́ẹ̀ ìyá ìyá mi ti sọ ọ́ sí mi létí: ẹní kan àti ìkòkò tó sán la gbé wọ ìlú yìí, wọn kò sì lé wa. Ẹ wá wo imú mi lókè, bí ẹni pé èmi ni mo bí ilẹ̀!