Pásítọ̀ Oyèkànmí Dọ̀bálẹ̀ Nínú Ẹrẹ̀

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ jẹ́ ká wo Pásítọ̀ Oyèkànmí, tó fẹ́ di àlùfáà àwọn sójà, tó sì ní láti kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn. Sájẹ́ǹtì, ọ̀dọ́mọkùnrin, pàṣẹ pé, “Ẹ dọ̀bálẹ̀!” Pásítọ̀ nìkan ló dúró.

“Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí?”

“Bàbá, ìbọn là ń sá fún, ẹ ò kí mi. Ẹ dọ̀bálẹ̀, àbí kẹ́ ẹ máa lọ sílé!”

Pásítọ̀ wo ẹrẹ̀, ó rántí iṣẹ́ tó ń wá, ó sì na gbalaja. Bí sájẹ́ǹtì ṣe rí ewú nínú ẹrẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á. Òun náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

“Ẹ má bínú, sà.”

“Ọlọ́run á gbé ọ ga, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá ní ká dìde?”